Bí a ṣe ń tẹ́ ilẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ ère ogun orí tábìlì: iyanrìn, kọ́ọ̀kì àti kànìnkànìn

Ẹ mú ère ọmọ ogun kékeré kan tí wọ́n kùn dáadáa, kí ẹ gbé e sórí ike dúdú tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ẹ ó rí i pé ọjà tí wọ́n pàtẹ ló jọ. Ẹ wá gbé ère kan náà sórí erùpẹ̀ pupa, kí koríko gbígbẹ máa kàn án lórúnkún, kí òkúta kan jókòó lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Kíá ló ti di ẹni tó ń ti ibì kan bọ̀. Ilẹ̀ tí ère dúró lé ló máa ń sọ ibi tó wà fún wa, ohun tí a ó sì fi ṣe ilẹ̀ náà kò wọ́n. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wà nínú ilé yín.

Ère tí mò ń sọ ni àwọn tí a fi ń ta ayò ogun lórí tábìlì, irú Warhammer tí ilé iṣẹ́ Games Workshop ń ṣe. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1975, Nottingham ló fìdí kalẹ̀ sí lónìí. Warhammer jáde ní 1983, Warhammer 40,000 tẹ̀ lé e ní 1987. Ike pẹlẹbẹ tó máa ń wà nínú páálí pẹ̀lú ère ni àwa tí a ń ta ayò yìí ń pè ní béèsì. Èyí tó rí roboto ló wọ́pọ̀ jù: mìlímítà 25, 28.5, 32, 40, ó sì lè tó 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn ẹranko ńlá. Ẹ má pààrọ̀ ìwọ̀n tó bá ère wá, nítorí láti etí béèsì la ti ń wọn bí ère kan ṣe jìnnà sí èkejì nígbà tí ayò bá ń lọ.

Ilẹ̀ kan ni kí ẹ mú

Kí ẹ tó ṣí gọ́ọ̀mù rárá, ẹ pinnu ibi tí àwọn ọmọ ogun yín wà. Ṣé aṣálẹ̀ ni, àbí igbó, àbí ìlú tí ogun ti fọ́? Ilẹ̀ kan ṣoṣo ni kí gbogbo ẹgbẹ́ náà dúró lé. Mo ti rí ẹgbẹ́ tí ọwọ́ ẹni tó kùn wọ́n mọ́ gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú yìnyín, èkejì wà nínú koríko tútù, ẹ̀kẹta dúró lórí irin, ojú ò sì mọ èyí tí ì bá wò. Ẹ wo àwọ̀ aṣọ wọn pẹ̀lú. Bí aṣọ bá pupa, ilẹ̀ pupa á gbé e mì. Búlúù, funfun àti àwọ̀ ewé ló máa ń yọ dáadáa lórí ilẹ̀ pupa.

Ilẹ̀ pupa lèmi yàn fún tèmi, irú èyí tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí eruku rẹ̀ máa ń bo ewé mọ́lẹ̀. Òun náà ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ níbí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba bíi tèmi, ẹ má ṣe di erùpẹ̀ sínú àpò láti ilé wá o. Òfin ibí kò gbà kí ènìyàn kó erùpẹ̀ wọlé láti Nàìjíríà, nítorí kòkòrò àti àrùn ohun ọ̀gbìn tó lè wà nínú rẹ̀. Ọ̀dà ni yóò fún wa ní àwọ̀ náà, iyanrìn ibikíbi sì lè gbé e.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

Iyanrìn, ẹ̀kún ife kan. Gọ́ọ̀mù funfun PVA, èyí tí àwọn káfíńtà fi ń lẹ pákó. Súpà gúlù. Ìdérí ìgò wáìnì méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n fi kọ́ọ̀kì ṣe, tàbí pẹlẹbẹ kọ́ọ̀kì tí a ń gbé ìkòkò gbígbóná lé. Béékìn sódà díẹ̀. Ọ̀dà acrylic tó ṣeé fi omi là. Búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ méjì tí irun wọn ti fọ́n ká. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ fi ń kun ojú ère ṣe iṣẹ́ yìí, iyanrìn á bà á jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Búrọ́ọ̀ṣì àtíkè tí àwọn obìnrin fi ń pa ojú, tí irun rẹ̀ rọ̀ tó sì pọ̀, ló dára jù fún apá kan iṣẹ́ náà, ẹ ó rí i níwájú.

Ohun tó kù ni kànìnkànìn. Ti ìbílẹ̀ ni mò ń sọ, èyí tí a fi ń wẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ dúdú, kì í ṣe nẹ́ẹ̀tì aláràbarà ayé òde òní. Bí ẹ bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ wò ó ní ìsọ̀ àwọn ará wa ní Peckham. Ìdìpọ̀ kan á tó ọgọ́rùn-ún ère, ẹ ó sì tún rí èyí tí ẹ ó fi wẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fọ iyanrìn, kí ẹ sì jọ̀ ọ́

Ẹ má fo ibí yìí. Nígbà kan mo bu iyanrìn etí òkun, mo lò ó bẹ́ẹ̀ láìfọ̀. Ère mẹ́wàá ni mo ṣe tán. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí nǹkan funfun fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú ọ̀dà, bíi kí wọ́n bu èlùbọ́ funfun sí i. Iyọ̀ ni. Gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni mo ha kúrò tí mo tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fọ iyanrìn pẹ̀lú omi gbígbóná títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ gaara, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí páànù, kí ẹ yan án lórí iná títí tí yóò fi gbẹ. Iná náà á pa ẹyin kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi asẹ́ tíì jọ̀ ọ́. Èyí tó kúnná á bọ́ sísàlẹ̀, èyí tó le á kù sókè, ẹ tọ́jú wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí tí a fi ń ṣe èyí ni pé ère wọ̀nyí kéré sí ènìyàn ní nǹkan bí ọ̀nà 60. Hóró iyanrìn tó fẹ̀ tó mìlímítà 1 dà bí ẹyin adìẹ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ère. Òkúta mìlímítà 5 á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojúgun rẹ̀. Bí gbogbo iyanrìn yín bá tóbi bákan náà, yóò dà bíi pé orí ẹ̀kún àpò ẹyin ni ọmọ ogun náà dúró lé. Ilẹ̀ gidi máa ń kúnná níbi púpọ̀, ó sì máa ń le níbi díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: òkúta

Ẹ fi sáńdípépà ha ojú béèsì fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ kí gọ́ọ̀mù lè rí nǹkan dì mú. Ẹ wá mú kọ́ọ̀kì. Ọwọ́ ni kí ẹ fi ya á, ẹ má fi ọ̀bẹ gé e. Ọ̀bẹ máa ń mú kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́jú bíi búlọ́ọ̀kù. Ọwọ́ ló máa ń jẹ́ kó ṣán bí òkúta ṣe ń ṣán. Ẹ fi súpà gúlù lẹ ègé kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan béèsì, kò gbọdọ̀ jẹ́ àárín gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ kí òkúta ga, ẹ lẹ ègé kejì lé e, kí ó yà díẹ̀ kúrò lórí ti ìsàlẹ̀, bí àpáta ṣe máa ń ní ìpele.

Bí àlàfo bá wà láàárín ègé méjì, ẹ wọ́n béékìn sódà sí i, kí ẹ kán súpà gúlù lé e lórí. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló máa le bí òkúta. Ó máa ń gbóná, èéfín rẹ̀ sì máa ń ta ojú, nítorí náà ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ má tẹjú mọ́ ọn láti òkè. Èmi ti rí ẹni tó fi òwú nu súpà gúlù tó dà sílẹ̀ tó sì jó lọ́wọ́: súpà gúlù àti òwú tàbí aṣọ olówùú kì í ṣe ọ̀rẹ́, wọ́n máa ń gbóná gan-an bí wọ́n bá pàdé. Ike tàbí ègé páálí ni kí ẹ fi ha á kúrò.

Ibi tí ère máa fẹsẹ̀ lé ńkọ́? Èmi fẹ́ràn kí n kun ère lọ́tọ̀, kí n sì ṣe ilẹ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀, kí n tó so wọ́n pọ̀. Ẹ fi ìlu ọwọ́ kékeré lu ihò mìlímítà 1 sí ẹsẹ̀ ère kan, kí ẹ ti wáyà tí ẹ gé lára kílípù ìwé bọ inú rẹ̀, kí ó yọ síta díẹ̀. Ihò kejì wà lórí béèsì. Ní ìparí, wáyà á wọ ihò, súpà gúlù díẹ̀ á dì í, ère náà kò sì ní tètè já bí ó tilẹ̀ ṣubú láti orí tábìlì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: iyanrìn

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kun gọ́ọ̀mù funfun sí gbogbo ojú béèsì, ẹ má jẹ́ kó dé etí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ to òkúta wẹ́wẹ́ méjì tàbí mẹ́ta sí ìdí kọ́ọ̀kì, nítorí ìdí àpáta ni òkúta tó já máa ń kó jọ sí. Ẹ wọ́n iyanrìn líle síbi díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá da èyí tó kúnná bo gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ yí béèsì délẹ̀, kí ẹ gbá ìdí rẹ̀ kí èyí tí kò lẹ̀ lè bọ́. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Iyanrìn tí a kò bò máa ń re bọ̀tọ̀bọ̀tọ̀ nígbà tí búrọ́ọ̀ṣì bá fọwọ́ kàn án. Ẹ po gọ́ọ̀mù funfun pẹ̀lú omi, ìwọ̀n kan sí ìwọ̀n kan, kí ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ ẹyọ kan ṣoṣo sí i. Ọṣẹ yẹn ni kò ní jẹ́ kí omi náà dúró roboto lórí iyanrìn, á wọ inú rẹ̀ lọ. Ẹ kán an lé iyanrìn lórí títí tí yóò fi mu, kí ẹ tún jẹ́ kó gbẹ. Nígbà tó bá gbẹ tán, ẹ fi èékánná họ ọ́. Bí nǹkan kan kò bá já, ó ti dára.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àwọ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà, ẹ má kánjú.

Ẹ po búráùn mọ́ pupa, kí ẹ fi dúdú díẹ̀ sí i, kí ẹ fi omi là á kó lè wọ gbogbo kòtò àárín iyanrìn. Àwọ̀ rẹ̀ á dà bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ẹ kun gbogbo rẹ̀, àti òkúta. Tó bá gbẹ, ẹ la búráùn dúdú pẹ̀lú omi púpọ̀ títí tí yóò fi dà bí tíì, kí ẹ dà á lé e. Á ṣàn lọ sí àwọn ibi tó jìn, á sì dúró níbẹ̀ bí òjìji.

Lẹ́yìn èyí ni ohun tí àwọn akẹgbẹ́ mi ń pè ní drybrush. Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì àtíkè yẹn. Ẹ fi orí rẹ̀ kan àwọ̀ bíríkì, díẹ̀ báyìí. Ẹ nù ún sórí tíṣù, ẹ tún un nù, títí tí kò fi ní fi àmì sílẹ̀ mọ́. Ẹ wá máa fi gbá orí iyanrìn, lọ, bọ̀, bí ẹni ń gbọn eruku kúrò lára aṣọ òkè. Ní ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́ yóò dà bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Nígbà kẹrin, ìkarùn-ún, orí hóró iyanrìn kọ̀ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kòtò àárín wọn á sì ṣókùnkùn bó ṣe wà. Lójú yín báyìí ni ike á ti di ilẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é, inú mi ṣì máa ń dùn síbẹ̀.

Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú àwọ̀ ọsàn, kí ọwọ́ yín fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìgbà kẹta ni ẹ ó lo àwọ̀ ọsàn tí ẹ po mọ́ àwọ̀ bisikíìtì, etí òkúta àti orí iyanrìn tó ga nìkan ni kó kàn. Ẹ má fi funfun pọ́ńbélé po pupa láti mú un mọ́lẹ̀. Píńkì ló máa dà, ilẹ̀ pupa wa kò sì rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ bisikíìtì tàbí yẹ́lò tó ṣá ló ń mú ilẹ̀ pupa dà bí èyí tí oòrùn ti pa.

Ẹ fi eruku kan ẹsẹ̀ ère náà pẹ̀lú. Àwọ̀ bíríkì tó gbẹ lórí búrọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹ fi gbá bàtà rẹ̀ àti ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá rìn lórí ilẹ̀ pupa kò lè ní bàtà tó mọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: koríko

Ẹ tú kànìnkànìn, kí ẹ fa nǹkan bí okùn tínínrín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jáde. Bí ó bá ti kan ọṣẹ rí, ẹ fọ̀ ọ́ kó gbẹ. Ẹ fi ìka méjì dì í mú, kí ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó dọ́gba. Ẹ ti ìsàlẹ̀ yẹn bọ gọ́ọ̀mù funfun, kí ẹ gbé e dúró lórí ọ̀rá náílọ́ọ̀nù. Gọ́ọ̀mù funfun kì í lẹ̀ mọ́ ọ̀rá, nítorí náà tó bá gbẹ, ẹ ó kàn ṣí i kúrò bí ìgbà tí a ṣí ewé lára ẹ̀kọ ni. Ẹ lè ṣe ogún tàbí ọgbọ̀n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan kí ẹ kó wọn pamọ́.

Ẹ wá gé orí rẹ̀. Koríko mìlímítà 8 á kan ère lórúnkún, 12 á kàn án ní itan. Ẹ má gé e dọ́gba bí irun tí bábà ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ̀. Ẹ dorí sísọ́ọ̀sì kọ sókè, kí ẹ fi etí rẹ̀ gé okùn kọ̀ọ̀kan sí gígùn tirẹ̀. Àwọ̀ kànìnkànìn fúnra rẹ̀ ti jẹ́ àwọ̀ koríko ẹ̀ẹ̀rùn, kò nílò ju kí ẹ fi àwọ̀ ewé díẹ̀ kan ìdí rẹ̀ lọ. Èyí ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ju koríko tí wọ́n ń tà nínú páálí: ti páálí máa ń dúró bí abẹ́rẹ́, ti kànìnkànìn máa ń tẹ̀, ó máa ń yí, bí èyí tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ láti àárọ̀.

Bí fánísì tí màá sọ níparí bá ti gbẹ, ẹ̀bá òkúta ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, torí ibẹ̀ ni omi máa ń sápamọ́ sí nínú ilẹ̀ gbígbẹ. Ìdì kan fún béèsì mìlímítà 32, méjì fún ti 40. Bó bá pọ̀ jù, ère á sọnù sínú igbó.

Bí ẹ bá fẹ́ koríko kúkurú, ẹ̀rún igi láti ọ̀dọ̀ káfíńtà ni: ẹ po ọ̀dà àwọ̀ ewé mọ́ omi, kí ẹ da ẹ̀rún náà sí i, kí ẹ sá a títí yóò fi gbẹ pátápátá. Ewé tíì tí a ti lò, tí a fọ̀ tí ó sì gbẹ, máa ń dà bí ewé tó já sílẹ̀. Èyí tó ṣì tutù nínú á hu olú lábẹ́ ọ̀dà, kò sì sí àtúnṣe. Ẹ̀yin ará Ìlú Ọba, nígbà tí ewé bá ń wọ́, ẹ ṣa èso igi birch tó ń já sílẹ̀. Bí ẹ bá fi ọwọ́ rún un, ohun kéékèèké tó rí bí ìràwé á tú jáde, ìwọ̀n ère gẹ́lẹ́.

Bí ilẹ̀ pupa kì í bá ṣe tiyín

Ẹni tó fẹ́ ojú ilẹ̀ tí wọ́n fi òkúta tẹ́, kí ó gé fóòmù líle pẹlẹbẹ, kí ó fi bírò fa ìlà sí i, kí ó wá rún pépà fọ́ìlì di bọ́ọ̀lù, kí ó máa yí i lórí fóòmù náà. Gbogbo ìrún ara fọ́ìlì á wọlé sí i bí ara òkúta. Ṣùgbọ́n ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun tí ẹ po mọ́ ọ̀dà bo fóòmù ná. Ọ̀dà inú agolo tí à ń fín, àti súpà gúlù pàápàá, máa ń jẹ fóòmù títí á fi yọ́.

Èèpo ẹyin tí ẹ tẹ̀ fọ́ sórí gọ́ọ̀mù á fún yín ní ilẹ̀ adágún tó gbẹ tó sì sán. Ẹ ṣí awọ inú rẹ̀ kúrò kí ẹ tó lò ó. Fún ilẹ̀ inú ọkọ̀ òfúrufú, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ojú fèrèsé, èyí tí wọ́n fi irin ṣe, ni ẹ ó gé roboto, àti páálí tínínrín tí ẹ gé sí pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin; àwọ̀ irin ni ẹ ó fi drybrush rẹ̀. Ẹrẹ̀ rọrùn jù: ilẹ̀ búráùn, kí ẹ sì fi fánísì dídán kun inú kòtò rẹ̀ nìkan.

Etí béèsì, àti bí a ṣe ń gbé e rìn

Ẹ kun etí béèsì ní àwọ̀ kan ṣoṣo, lẹ́ẹ̀mejì, kó mọ́ dáadáa. Ní àwọn ọdún 1990 àwọ̀ ewé títàn ló wọ́pọ̀, ẹ ó rí i lára ère àtijọ́. Dúdú lèmi ń lò. Etí tó mọ́ ló ń jẹ́ kí ilẹ̀ inú rẹ̀ dà bí àwòrán tí a fi férémù sí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fánísì tí kì í dán bo gbogbo rẹ̀, yàtọ̀ sí ẹrẹ̀, kí ẹ tó lẹ koríko.

Ẹ yí béèsì délẹ̀. Inú rẹ̀ jìn díẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ lẹ ègé páálí mọ́ ọn, kí ẹ wá fi súpà gúlù lẹ òòfà kékeré mìlímítà 5 lé páálí náà, kí ojú òòfà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú etí béèsì láìyọ síta. Ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Ẹ wá lọ wá agolo bisikíìtì onírin roboto yẹn, èyí tí àwọn ìyá wa máa ń kó abẹ́rẹ́ àti òwú sí. Ère á dì mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọnyin-gbọnyin, koríko wọn kò ní kan ara wọn, ẹ ó sì lè gbé wọn wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ibi tí ẹ ti fẹ́ ta ayò.